Ọmọ Ayépé Kan Létí Òkun

Òjò ni mo fi mọ àwọn ìlú etí òkun ilẹ̀ òyìnbó. Kò jọ òjò tiwa, èyí tó máa ń ṣú, táá rọ̀ dáadáa, táá sì dá. Òjò ibẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, ó tutù, ó sì máa ń wọ inú aṣọ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ títí táá fi kan eegun. Ọdún tí mo lọ kàwé gboyè kejì ní yunifásítì kan nílùú ọba ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti lọ, ibẹ̀ náà ni mo padà sí.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ṣètò ìrìn-àjò náà fún àwa tá a ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Bọ́ọ̀sì máa gbé wa láàárọ̀ Sátidé, a máa wo ìlú kan, a máa sùn ní ìlú kejì, a ó sì padà nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Mi ò fẹ́ lọ. Láwọn ọjọ́ yẹn, mo máa ń sunkún láìmọ ohun tí mò ń sunkún sí. Bí mo bá ti dé láti kíláàsì, màá fa aṣọ bo orí, ó di ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin ará Íńdíà tí a jọ ń gbé ló kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó ní tí mo bá tún fi ọjọ́ Sátidé kan sí i sùn, òun á pe ìyá mi ní Nàìjíríà, òun á sì fẹjọ́ mi sùn. Kò ní nọ́ńbà ìyá mi, ṣùgbọ́n mo lọ.

Ìlú àkọ́kọ́ ní afárá onígi gígùn kan tó wọ inú òkun lọ. Àwọn ìsọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ti tì pa nítorí òtútù, àwòrán àwọn ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín sì wà lára ìlẹ̀kùn wọn. Òkun náà dà bí omi tí wọ́n ti fi fọ abọ́. A ya fọ́tò. Ẹyẹ funfun ńlá kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọ Íńdíà yẹn, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kọjá eyín mi.

Ọ̀sán ti ń lọ nígbà tí a dé ìlú kejì. Ìlú kékeré ni, àwọn arúgbó ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fa ajá wọn kiri nínú òjò. Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ ilé kọfí kan lọ. Èmi fẹ́ pe ìyá mi, mo bá lọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà onígi kan tó kọjú sí omi. Màmá òyìnbó kan ti wà níbẹ̀, wọ́n wọ kóòtù aláwọ̀ ewé. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni bàbá aláwọ̀ dúdú kan wà lórí àga onítáyà, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n dé àyà. Mo kí wọn. Màmá náà dáhùn. Bàbá ń wo òkun.

Ìsọ̀ ni ìyá mi wà nígbà tí wọ́n gbé fóònù, ní Òkè-Àjé níbi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò àti abọ́. Mò ń gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń kan ìkòkò. Ìyá mi kì í bá wa sọ èdè míì ju Ìjẹ̀bú lọ, èdè yẹn náà la sì fi ń dá wọn lóhùn. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá mo ti kírun. Nígbà tí mo sọ pé etí òkun ni mo wà, wọ́n pariwo.

"Òkun kẹ̀! Kí lò ń wá létí òkun nínú òtútù? Tètè máa lọ ulé o."

Báyẹn la ṣe ń pe ilé. Mo ní, "Màá lọ ulé, mà, ẹ má ṣèyọnu."

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni bàbá yí orí padà. Ìdajì ojú wọn ti wọ́, ìdajì kejì sì ń gbọ̀n. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo nǹkan tó jábọ́ láti ojú ọ̀run.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

Èdè Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi bi mí. Gbogbo ohun tí bàbá bá mi sọ, Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé ni, irú èyí tí àwọn ìyá ìyá wa ń sọ. Èmi ni mò ń yí i sí èyí tí gbogbo ènìyàn á gbọ́.

Mo pa fóònù. "Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, bàbá."

"Ayépé ni tèmi," wọ́n ní. Wọ́n tún un sọ, "Ayépé ni tèmi," wọ́n sì bú sẹ́kún.

Màmá òyìnbó dìde fìrì. "Kí lo sọ fún un? Kí lo sọ fún ọkọ mi?"

Mo ṣàlàyé pé mi ò sọ nǹkan burúkú, pé ìlú wa ló sún mọ́ra. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú ọkọ wọn, wọ́n wá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu bàbá lọ́dún tó kọjá. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba èdè òyìnbó lẹ́nu wọn. Àwọn dókítà ní ó ṣeé ṣe kó padà, kò padà. Èdè tí wọ́n bí wọn sí nìkan ló ṣẹ́ kù. Ilé ìwòsàn wá ògbufọ̀ kan tó gbọ́ Yorùbá, ó bá bàbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní òun ń gbọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka èdè náà ṣàjèjì sí òun, ẹnu bàbá sì wúwo. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ tán.

"Àtàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀," màmá náà ní. "Èmi á máa dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí."

Wọ́n bẹ̀ mí kí n wá sílé wọn lọ́jọ́ kejì kí bọ́ọ̀sì wa tó gbéra. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ tó kó wa wá, mo sì lọ.

Ilé tóóró kan ni, lórí òkè, ó ń rùn bí ìpara oríkèé. Fọ́tò bàbá wà lára ògiri, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, wọ́n dúró níwájú bọ́ọ̀sì kan. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń tún ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn méjèèjì kò bímọ. Mo wo ògiri yẹn títí, mi ò rí nǹkan kan tó ti ọ̀dọ̀ wa wá, yálà àwòrán ẹbí ni tàbí aṣọ.

Màmá òyìnbó kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n ní kí n bi bàbá bóyá nǹkan ń dùn wọ́n. Bàbá fi ojú júwe èjìká òsì. Wọ́n ní ẹni tó máa ń wá gbé àwọn dìde láàárọ̀, èjìká yẹn ló máa ń fà, ó sì ń dùn wọ́n dé ọkàn. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká òsì ni gbogbo wọn rò pé ó sàn. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń fà á lójoojúmọ́.

Mo tún bi wọ́n nípa oúnjẹ. Bàbá ní oúnjẹ náà kò láta. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní láyé ìlera, bàbá ló máa ń da ata sí oúnjẹ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, pé òun rò pé ata ò ní dára fún aláìsàn. Wọ́n lọ sí ilé ìdáná, wọ́n sì gbé ìgò ata gbígbẹ kan jáde tí eruku ti bo ìdérí rẹ̀. Wọ́n bù ú sórí ẹyin tí wọ́n dín fún bàbá. Bàbá jẹun tán pátápátá. Màmá ní ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, oorun ń kun bàbá. Màmá fà mí lọ sí ilé ìdáná, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ, wọ́n tún pa á, wọn ò fọ nǹkan kan.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan, jọ̀ọ́, má ṣe tàn mí," wọ́n ní. "Ta ni Ulé?"

Mi ò tètè mọ ohun tí wọ́n ń bi mí.

"Ulé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á máa pè é. Nígbà míì, á máa sunkún sí i. Mo mọ̀ pé ó ti dàgbà kó tó pàdé mi. Ọkùnrin kì í dàgbà tó bẹ́ẹ̀ láìní ẹnì kan. Ṣé ìyàwó tó fi sílẹ̀ ni? Àbí ọmọ ni?"

Wọ́n di etí síńkì mú. Mo wá rí i pé láti ọdún kan ni màmá yìí ti ń gbé obìnrin tí kò sí láyé yìí kiri nínú ọkàn, tí wọ́n ń wẹ ọkọ wọn, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ, tí obìnrin náà sì wà láàárín wọn.

"Kì í ṣe ènìyàn, màmá," mo ní. "Ilé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní èdè wa. Wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ sílé."

"Ilé?" Wọ́n wo yíká. "Ilé nìyí."

Wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà àtẹ̀gùn.

"Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan àtẹ̀gùn yẹn. Èmi ni mo kun yàrá yẹn. A ò ní ilé míì." Wọ́n fa àga, wọ́n sì jókòó. "Ká ní obìnrin ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

 Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, àwọn ní kí bàbá kọ́ àwọn ní èdè rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ ọ́. Wọn ò tún béèrè mọ́.

Nígbà tí a padà sí yàrá, bàbá ti jí. Mo kúnlẹ̀ ti àga wọn, mo bi wọ́n pé ulé ibo ni wọ́n fẹ́ lọ. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í júwe. Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ní Ayépé. Ilé alámọ̀ pupa tí igi àgbálùmọ̀ wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ìyá wọn ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má pẹ́.

"Bí o bá délé, bá mi yà níbẹ̀," wọ́n ní. "Sọ fún ìyá mi pé òjò ló dá mi dúró. Bó bá ti dá, màá máa bọ̀."

Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kò sí bí ìyá wọn á ṣe wà láyé. Mo ní màá jíṣẹ́.

"Kí ló ní?" màmá bi mí, mo sì sọ fún wọn. Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ wọn. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bàbá máa ń kọ̀wé sílé, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá tó bí i kú tí kò sì lè lọ síbi ìsìnkú, kò kọ̀wé mọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ojú ń tì í sí i, bí ojú ṣe ń tì í sí i náà ni kò lè kọ ọ́. Bí màmá ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n gba nọ́ńbà mi, wọ́n sì fún mi ní tiwọn. Bàbá di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó ṣòro kí wọ́n tó jẹ́ kí n lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ Íńdíà bi mí bóyá mo gbádùn ìrìn-àjò náà. Mo ní ó dára.

Ẹ̀kọ́ mi parí lọ́dún yẹn. Mo wáṣẹ́ títí ó fi sú mi, ọjọ́ físà mi sì pé, mo padà sílé. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn aládùúgbò ṣe ń wo àpótí mi nígbà tí mo dé. Mò ń bá ìyá mi jókòó ní ìsọ̀, mò ń nu eruku lára ìkòkò, mo sì ń sún ọ̀rọ̀ Ayépé síwájú nítorí ẹ̀rù ohun tí màá bá níbẹ̀ ń bà mí. Ìyá mi ló lé mi lọ.

"Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù," wọ́n ní, "a kì í bẹ̀rù ẹni tí a fẹ́ jẹ́ ẹ fún. Dìde."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ayépé. Igi àgbálùmọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mọ́sáláṣí náà ni. Màmá àgbà kan jókòó ní ìta, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní ta ni mò ń wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe jẹ́, láti orí àtíbàbà etí òkun títí dé orí ilé alámọ̀ pupa. Ọwọ́ wọn ò dúró lára ẹ̀gúsí.

"Ṣé àpá wà lókè ojú rẹ̀?" wọ́n bi mí.

"Ó wà, mà. Lápá òsì."

"Èmi ni mo sọ òkúta lù ú. Ọmọdé ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Wọ́n bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. "Ó ṣì wà láyé."

"Wọ́n wà, mà, ara wọn ni ò yá. Wọ́n ní kí n sọ fún ìyá pé òjò ló dá àwọn dúró, pé bó bá ti dá, àwọn á máa bọ̀."

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn dúró.

"Òjò," wọ́n ní. "Òjò wo ló rọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ẹbí fẹ́ ṣe fídáù bàbá lọ́jọ́ pípẹ́, wọ́n ní ẹni tí kò kọ̀wé, tí kò ránṣẹ́, òkú ni. Ìyá wọn ò gbà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìyá máa ń gbé àga síta, kí wọ́n lè rí ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí ojú ìyá fọ́, wọ́n ṣì ń gbé àga náà síta.

"Èmi ni mo tọ́jú wọn títí wọ́n fi kú," màmá náà ní. "Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè mí."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀, pé fóònù mi lè jẹ́ kí wọ́n máa rí ojú ara wọn. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ bá a sọ. Wọ́n tún bó ẹ̀gúsí kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde láìsọ nǹkan, wọ́n wọlé, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n ti pààrọ̀ ìró, wọ́n ti fi ìborùn tuntun bo orí, wọ́n sì ti lé tìróò.

Mo pè, màmá òyìnbó sì gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ké. Wọ́n gbé fóònù lọ síwájú bàbá. Bàbá ti gbẹ gan-an ju bí mo ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n wo ojú fóònù, wọ́n sún orí mọ́ ọn, ojú wọn sì là.

"Ìyá mi," wọ́n ní.

Màmá Ayépé gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Mò ń bọ̀ ulé. Òjò ni."

"Èmi kọ́ ni ìyá yín, bọ̀dá," màmá Ayépé ní. "Àbúrò yín ni mí."

"Mò ń bọ̀, ìyá. Mi ò ní pẹ́."

"Ìyá ti kú!" Ohùn wọn ga débi pé ẹni tó ń kọjá lójú títì dúró. "Ìyá ti kú, bàbá náà ti kú. Ẹ ò wá. Wọ́n jókòó níbí, wọ́n ń dúró dè yín, ẹ ò wá."

Mo fẹ́ gba fóònù, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbàlagbà ló wà. Mo rí ojú bàbá. Wọn ò sunkún bíi ti ìjọ́sí. Ẹnu wọn kàn là sílẹ̀, wọ́n ń wo apá kan ara ògiri. Màmá òyìnbó ń bi mí pé, "Kí ló sọ? Kí ló sọ fún un?" Mo sọ fún wọn. Wọn ò bá wa jà. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ fún bàbá ní oògùn, fóònù sì kú.

Màmá Ayépé jókòó padà sí ìdí igbá. Wọ́n gbìyànjú láti bó ẹ̀gúsí, ó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mò ń bá wọn ṣà á nílẹ̀ títí wọ́n fi ní kí n máa lọ.

Mo pe màmá òyìnbó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, wọn ò gbé e. Mo rò pé wọ́n ń bínú, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Oṣù kan kọjá, ó lé díẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, mo gbójú sókè ní ìsọ̀ wa, màmá Ayépé ló dúró láàárín àwọn ìkòkò, tàwọn ti ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. Ìyá mi sáré fún wọn ní àga. Wọn ò jókòó.

"Bá mi pè é," wọ́n ní. "Bó bá pè mí ní ìyá, màá dáhùn. Màá ní mo ti gbọ́. Màá ní kó máa rọra bọ̀."

Mo pè. Lọ́tẹ̀ yìí, màmá òyìnbó gbé e, ohùn wọn sì ń jáde síta. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ní, "Ó ti lọ, ọmọ mi. Ó ti lọ, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín."

Ojú oorun ni bàbá kú sí, ó ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo yíjú sí màmá Ayépé, mi ò sì ní láti túmọ̀ rẹ̀, ojú mi ti sọ ọ́. Wọ́n rọra jókòó nígbà yẹn. Ìyá mi ń wí pé, "Inná lilláhi, inná lilláhi," wọ́n ń fi ọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn.

"Bi í pé níbo ni wọ́n sin ín sí," màmá Ayépé ní. "Ṣé wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì?"

Mo béèrè. Ìdáhùn náà pẹ́. Màmá òyìnbó ní àwọn sun ún, bí ìdílé tàwọn ṣe máa ń ṣe fún òkú wọn, àwọn sì gbé eérú rẹ̀ lọ sí etí òkun, níwájú àtíbàbà tí a ti pàdé, àwọn dà á sínú omi. Wọ́n ní àwọn rò pé omi náà á gbé e dé ilé, nítorí gbogbo òkun ló pàdé ara wọn. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé mo ṣe dáadáa?"

Mo dúró láàárín àwọn obìnrin méjèèjì. Ìyá mi gbọ́ òyìnbó díẹ̀, wọ́n ti gbọ́ èyí tó tó wọn. Wọ́n ń mi orí sí mi pé kí n má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n màmá Ayépé ń wo ẹnu mi, wọ́n ti rìn wá láti Ayépé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, mi ò sì mọ irọ́ wo ni mo lè fi síbẹ̀ tí kò ní jẹ́ ìwọ̀sí.

"Wọn ò sin ín, mà," mo ní. "Wọ́n sun ún ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Inú òkun ni wọ́n da eérú rẹ̀ sí."

"Asitafirulai!" ìyá mi pariwo.

Màmá Ayépé ò pariwo. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba fóònù. Wọ́n gbé e sétí lódìlódì, mo bá wọn yí i padà.

"Ẹ ṣé o," wọ́n sọ fún màmá òyìnbó, ní èdè Ìjẹ̀bú. "Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà mọ bí ìtọ́jú ṣe ń rí. Ẹ ṣé o."

Mi ò mọ ohun tí màmá òyìnbó rí gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹkún wọn nìkan ni mò ń gbọ́ láti inú fóònù, títí owó tó wà nínú rẹ̀ fi tán.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kírun òkú fún bàbá ní mọ́sáláṣí Ayépé, láìsí òkú níwájú. Lèmọ́mù jáde sí ìta wá bá wa kó tó bẹ̀rẹ̀, ó bi màmá Ayépé pé ibo ni sàréè ẹ̀gbọ́n wọn wà.

"Òkun ni," wọ́n ní.

Lèmọ́mù wò wọ́n, ó wò mí. Bóyá ó rò pé ọkọ̀ ló rì. Kò béèrè mọ́, ó wọlé, ó sì kírun náà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pín mọ́sà fún àwọn ènìyàn bíi sàárà. Àwọn èwe tó gbà á ò mọ ẹni tí wọ́n ń jẹ ẹ́ fún. Àwọn àgbà méjì kan rántí bàbá, wọ́n ní ó mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Mo lọ kúnlẹ̀ dágbére fún màmá. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní màá ríṣẹ́, màá rí ọkọ, mi ò ní kú sí ìlú tí wọn ò gbọ́ èdè mi. Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú.

"Má bínú sí mi, ọmọ mi," wọ́n ní. "Má tíì wá kí mi ná. Bí mo bá ti rí ojú rẹ, ohun tí mo sọ fún un nínú fóònù yẹn ló máa ń dún létí mi."

Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Mo ríṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn náà, owó rẹ̀ kéré, mo sì wà níbẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ń lọ sí Ṣàgámù, tí mọ́tò bá dé oríta Odògbólú, mo máa ń wo ojú ọ̀nà tó lọ sí Ayépé. Àwọn oníbàárà ìyá mi tó ń wá láti ibẹ̀ sọ pé màmá wà, pé ọwọ́ ń dùn wọ́n, wọn ò lè bó ẹ̀gúsí mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n bá mi kí wọn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ náà.